Ilẹ̀ Tirẹ̀, Òkúta Tiwọn

Má-rún-un ni gbogbo àdúgbò ń pe alágbàfọ̀ tó wà ní ìkóríta, nítorí pé bó bá ti lọ aṣọ tán, tó gbé e lé ọ lọ́wọ́, ohun tó máa sọ nìyẹn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rún un." Àwọn ọmọdé rò pé "márùn-ún" ni, pé bóyá òun ni ọmọ karùn-ún nílé wọn. Kò bá wọn jiyàn. Kì í bá èèyàn jiyàn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ló ti kọ́ṣẹ́, nínú ilé kan tí yàrá ìfọṣọ wà nísàlẹ̀, tí ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé lókè. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, wà nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń sùn. Ìsinmi nìkan ló ń gbé wọn wálé. Ohun tí àwọn ọmọ ò mọ̀, tí Má-rún-un mọ̀, ni pé ọ̀gá kì í bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìjà kan ló ṣẹlẹ̀ nígbà kan. Ìjà náà parí, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀gá ò ṣí mọ́. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á ké sí ọmọọṣẹ́ rẹ̀: "Sọ fún un pé kó bu omi wá." Ìyá náà á wà níbẹ̀, á ti gbọ́ ọ, síbẹ̀ kò níí gbéra àfi tí Má-rún-un bá tún un sọ. Bí àwọn ọmọ bá wá lo ìsinmi, ojú ọ̀gá á tú ká, á máa pe ìyàwó rẹ̀ ní olólùfẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà ò níí tíì yí kọ́nà tí ẹnu ọ̀gá á ti tún pa dé.

Nígbà tí ọ̀gá kú, àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n wà lọ́nà jíjìn, ara ìyá wọn ò sì yá. Má-rún-un ló lọ gba ilẹ̀ ní itẹ́ òkú. Akọ̀wé ibẹ̀ bi í pé orúkọ ta ni kí òun kọ sílẹ̀. Ó ní kó kọ tòun ná, pé bó bá yá, ẹbí á wá tún un ṣe. Ẹbí ò tún nǹkan kan ṣe. Wọ́n wá, wọ́n sunkún, wọ́n gbé òkúta dúdú gàgàrà kan lé ibojì náà, tó ń dán bíi bàtà tuntun. Wọ́n kọ orúkọ bàbá wọn sí i, wọ́n sì kọ orúkọ ìyá wọn, tó ṣì wà láàyè, sábẹ́ tirẹ̀, wọ́n fi àyè ọjọ́ ikú sílẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fín in sí i pé: "Ikú pàápàá ò yà wọ́n."

Ọjọ́ tí ìyá náà rí i ló ti ibẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù Má-rún-un. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Ṣé òótọ́ ni pé ìwọ lo ni ilẹ̀ yẹn?"

"Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, mà."

"Ó dáa. Bá mi pa orúkọ mi rẹ́ lára òkúta yẹn."

Má-rún-un yọ áyọ́ọ̀nù, ó gba itẹ́ òkú lọ. Akọ̀wé gbọ́rọ̀ rẹ̀, ó mi orí.

"Baba, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀tọ́ láti sìnkú sínú ilẹ̀ yẹn, tiyín ni. Àwọn tó gbé òkúta síbẹ̀ ló ni òkúta. Bí ẹ bá ha ẹyọ lẹ́tà kan kúrò lára rẹ̀, ẹrù ẹlẹ́rù lẹ bà jẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bó bá wó lu èèyàn, ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ pè."

"Kí ni mo wá lè ṣe?"

"Ẹ lè sọ pé kí wọ́n má ṣí ilẹ̀ náà fún òkú mìíràn. Kò ju ìyẹn lọ."

Nígbà tó jíṣẹ́ fún ìyá náà, ìyá mí kanlẹ̀. "Ìyẹn náà tó mi. Má jẹ́ kí wọ́n ṣí i fún mi. Mi ò lè tún lọ máa dúró nísàlẹ̀ pé bóyá á bá mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ sọ ọ́ fáwọn ọmọ yín, mà."

"Kí n sọ kí ni? Wọ́n ti pàdánù bàbá wọn lẹ́ẹ̀kan. Èmi kọ́ ni màá tún gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìwọ náà ò gbọdọ̀ sọ ọ́."

Ọkùnrin tí kì í jiyàn ní ó dáa, mà.

Nígbà tó ròyìn nílé, ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Àwọn ẹgbẹ́ yín ń ra ilẹ̀, wọ́n ń kọ́lé sí i. Ẹ̀yin gba tiyín, òkú olókùú ló ń gbébẹ̀, a ò sì lè lé e jáde!" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rín yẹn pòórá nígbà tí ìyá náà kú. Dáwódù rẹ̀ gbé ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìlọṣọ, láàárín ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ bá wa buwọ́ lùwé yìí, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní láìsí yín, a ò lè sin màmá wa ti bàbá."

"Ìyá ní kí n má ṣe é."

"Ìyá wo?"

"Ìyá yín. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́."

"Kí ló dé tí wọ́n á fi sọ bẹ́ẹ̀?"

Má-rún-un wo áyọ́ọ̀nù. Bó bá sọ ọ́, ó dalẹ̀ òkú. Bí kò bá sọ ọ́, ó di ìkà. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

"Mi ò lè sọ."

"Ìwọ tí bàbá mi kọ́ níṣẹ́!" Dáwódù ò rántí ẹ̀gbọ́n mọ́. "Ìwọ lo fẹ́ ya àwọn òbí mi!"

Wọ́n lọ bá lọ́yà. Lọ́yà ní ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ alágbàfọ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè fipá gbà á. Ni wọ́n bá lọ sin ìyá náà sí apá kejì itẹ́ òkú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ náà sì ti gba àdúgbò kan. Àwọn tó ti ń kó aṣọ fún un láti ìgbà èwe wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, wọ́n á di aṣọ máyà, wọ́n á máa wo ilẹ̀.

Àbúrò dáwódù obìnrin ló wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò mú aṣọ kankan dání. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bi yín léèrè nǹkan kan. Bí a ò bá sí nílé, ṣé bàbá wa máa ń bá màmá sọ̀rọ̀?"

Má-rún-un pa iná áyọ́ọ̀nù. Ó ti ṣèlérí pé òun ò níí sọ ọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti mọ̀ ọ́n tán kó tó bèèrè. Ojú rẹ̀ fi í hàn.

"Rárá," ló ní. "Èmi ni wọ́n ń rán."

Obìnrin náà fi ìka tẹ etí àga. Nígbà tó dìde, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ẹ jọ̀ọ́. Kò níí lè gbé e." Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, orúkọ Má-rún-un ò sì mọ́ sí i ní àdúgbò.

Òjò ọdún náà pọ̀. Ilẹ̀ rì lábẹ́ òkúta náà, òkúta sì dagun. Itẹ́ òkú ránṣẹ́ sí Má-rún-un, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ti wí, pé kó wá nǹkan ṣe sí i. Ó mú bíríkìlà lọ. Bíríkìlà ní àfi kí wọ́n gbé e dùbúlẹ̀. Má-rún-un ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbàṣẹ, ó bá pe dáwódù.

"Fọwọ́ kàn án wò," ni dáwódù wí, "ilé ẹjọ́ la ti máa pàdé." Ó sì gé ìpè náà.

Bíríkìlà kó irinṣẹ́ rẹ̀. Má-rún-un ra okùn, ó gún igi mẹ́rin yí ibojì náà ká, ó ta okùn sí wọn lára kí èèyàn má bàa sún mọ́ ọn. Láti ìgbà náà ló ti ń lọ síbẹ̀ wò ó lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá. Ìyá arúgbó kan tó wá tọ́jú ibojì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ìbínú sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Baba, ẹ ò ṣe tún òkúta yín ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ kó wó pa wá ni?"

"Ẹ má bínú, mà," ló dá a lóhùn. Ó fa okùn náà le, ó nu ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sára koríko, nítorí pé aṣọ funfun ló kù tó máa lọ̀.