Télọ̀ tí ó fẹ́ rán mọ́tò

Adéògún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, télọ̀ ni ní ọjà Missèbo, ní Cotonou. Aṣọ àlòkù ló ń tún ṣe: ẹni tó ra ṣòkòtò tó tóbi jù, òun ni yóò bá a dín in kù, ẹni tí síìpù rẹ̀ já, òun náà ni. Èmi ń ta òwú àti síìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú àgbàlá kan náà la sì jọ ń gbé ní Fidjrossè, nítorí náà kò sí ohun tó ń ṣe tí n kì í rí. Bí mo bá sì ti rí i, n ò lè ṣe kí n má bèèrè.

Píjò 504 kan wà nínú àgbàlá wa. Ti Yọ̀mí ni, ẹ̀gbọ́n Adéògún, tó ń fi í kó èrò lọ sí Kétou kó tó kú. Ọkọ̀ yẹn ló fi gbé àbúrò rẹ̀ wá sí Cotonou láti wá kọ́ṣẹ́ aṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Adéògún nígbà náà, àpótí kan ló gbé dání. Láti ìgbà tí Yọ̀mí ti kú ni ọkọ̀ náà ti wà lójú kan. Ẹ sì mọ Fidjrossè, atẹ́gùn òkun ń jẹ irin bí ẹni ń jẹ bísíkíìtì. Adéògún pààrọ̀ awọ ìjókòó rẹ̀, ó ń nù ún lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, iyanrìn lẹ máa rí.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, Màmá Léonie, onílé wa, ní òun fẹ́ kọ́ yàrá méjì síbi tí ọkọ̀ náà wà, kí wọ́n tì í lọ sí igun kejì kí Àjíǹde tó dé. Ọkùnrin mẹ́rin dìde láti tì í. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, àárín rẹ̀ dún kàù, ó tẹ̀ sílẹ̀ bí bẹ́ẹ̀dì àtijọ́. Bí wọ́n bá tún tì í, ó máa pín sí méjì nìyẹn. Màmá Léonie ní bí Àjíǹde bá dé tí kò ṣeé tì, òun á pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gé e kó lọ. Kì í ṣe ìkà o. Yasmine ọmọ rẹ̀ ló ń bọ̀ wá gbé yàrá náà tòun tọmọ.

Adéògún pe jórinjórin kan láti ojú títì. Bí ẹni yẹn ṣe fi ọ̀pá iná rẹ̀ kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ihò tó tó ọmọ ìka di ihò tó tó ẹnu ife. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní irin yìí ti fẹ́lẹ́ jù fún ohun tí òun ń lò. Ó ní MIG ló ń fẹ́, ẹ̀rọ tó máa ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀. Àwọn tó ní in kì í gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ náà ò sì ṣeé wọ́ lọ bá wọn. Ni Adéògún bá ní òun á ra tòun.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin télọ̀?"

Ó ní, "Ìyá Treasure, òwú náà ni wáyà."

N ò gbà, mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní wáyà náà wé mọ́ kẹ̀kẹ́ bí òwú ṣe ń wé mọ́ bọ́bìnì, ó ń gba àárín róólà méjì kọjá, ó ń yọ lẹ́nu ohun kan bí abẹ́rẹ́, iná á sì yọ́ ọ mọ́ irin. Bí róólà bá fún un jù, á ká jọ. Bí ó bá dẹ̀ jù, kò ní jáde. Ó yà mí lẹ́nu. Ogún ọdún ni mo ti ń ta òwú, n ò mọ̀ pé irin náà ní tirẹ̀.

Ọ̀kẹ́ méje sẹfà ló ní lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè rà á. Bó bá ra èyí tí kò dáa, ó tán nìyẹn. Ṣakí ló dàgbà sí, Faransé rẹ̀ ò dá ṣáká. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà níbí ni mo pe Évariste lórí fóònù, ọkùnrin kan tó ń ta irinṣẹ́ tí wọ́n ti lò nílùú òyìnbó, ní àdúgbò Cadjèhoun níbí. Ó ní méjì ló wà tí owó wa ká: ọ̀kan tóbi, ó lágbára, kò sí irin tí kò lè jó, ìkejì kéré, ó ní ìyẹn "sans gaz" ni. Mo yíjú sí Adéògún, mo ní ọgọ́rùn-ún gáàsì ni kékeré yẹn ń lò.

Ó ní, "Ọgọ́rùn-ún kí ni?"

Mo ní ìgò ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ó káwọ́ lérí. Ọgọ́rùn-ún ìgò gáàsì nínú àgbàlá tí èèyàn ti ń dáná? Bí a ṣe yọ kékeré kúrò nìyẹn, láì tíì fojú kàn án.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta a gun ọ̀kadà zémì méjì lọ síbẹ̀. Mo rí i pé nǹkan kan gún kókó nínú àpò rẹ̀. Mo yọjú wò ó: irin ni, èyí tó gé lára ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà gan-an. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Ta ló ń lọ ra máṣíìnì tí kì í mú aṣọ tirẹ̀ dání? Lórí aṣọ ẹni tó ń tà á, òwú kì í já."

Évariste gbé èyí tó tóbi jáde, ó fi jó irin kan tó nípọn, ojú rẹ̀ tẹ́jú, ó dán. Mo ti ń yìn ín. Adéògún kí i kú iṣẹ́, ó mú tirẹ̀ jáde, ó ní kí n sọ fún un kó fa agbára ẹ̀rọ náà wálẹ̀ débi tó kéré jù. Évariste fà á wálẹ̀. Iná kọ yẹ́ẹ̀, irin lu. Évariste ní irin náà ló ti jẹrà. Mo túmọ̀. Adéògún ní bẹ́ẹ̀ náà lèyí tó wà nílé ṣe rí. Évariste tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú irin tí ẹ̀rọ náà lè mú, ó ní ẹnu ọ̀nà báńkì pàápàá, kò ní í le fún un.

Adéògún ní, "Sọ fún un pé n ò bi í bó ṣe lágbára tó. Bó ṣe lè rọra tó ni mò ń bi í."

Mo sọ ọ́. Évariste họ orí, ó ní kí ló dé tí a ò wo kékeré? Mo ní kó má bínú, a bá èèyàn gbélé ni, ọgọ́rùn-ún gáàsì ti pọ̀ jù. Ó wò mí. Ó ní, "Tàǹtí, ta ló pe ọgọ́rùn-ún?" Mo ní òun ni. Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó gbé ẹ̀rọ náà wá, ó fi ìka sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára: s, a, n, s. Ìyẹn ni "láìsí". Èyí tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún, "cent" ni wọ́n ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bákan náà ni wọ́n ń dún létí. Ká ní mo rí i ní kíkọ ni, n ò ní ṣì í. Orí fóònù ló kó bá mi. Ẹ̀rọ tí kò lo gáàsì kankan ni mo sọ di ọ̀mùtí.

Adéògún bèèrè ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí ẹjọ́ tí wàá bá mi túmọ̀."

Ìgbà yẹn ni mo wá bèèrè tó bó ṣe yẹ. Évariste ní inú wáyà náà ṣófo, wọ́n ro ẹ̀tù kan sí i. Bó bá ń jóná, èéfín ẹ̀tù yẹn ló ń dáàbò bo ojú ibi tó ń yọ́, iṣẹ́ tí gáàsì ì bá ṣe nìyẹn. Gáàsì wọn yẹn kì í tiẹ̀ ṣe ti ìdáná. Ó ní òótọ́ ni pé iṣẹ́ gáàsì máa ń mọ́ ju èyí lọ lára irin fẹ́lẹ́, ojú ìgò sì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà bí a bá fẹ́ so ó lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé gbangba àgbàlá ni, ní Fidjrossè, ó ní atẹ́gùn á ti gbé gáàsì lọ kó tó ṣe nǹkan kan. Iná ilé sì tó kékeré yìí. Ńlá yẹn á pa iná gbogbo àgbàlá.

Adéògún gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó tún na irin tirẹ̀ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí òun fúnra rẹ̀ ló di ẹnu wáyà mú. Kò fà á lọ gbọọrọ. Ó tọ́ ọ kan, ó dúró. Ó tọ́ ọ kan, ó dúró, bí ẹni ń tákì aṣọ kó tó rán an. Ó ń ta pàrà káàkiri, ojú rẹ̀ dúdú, kò dùn ún wò. Ó fi òòlù gbá a, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fà á. Kò já, kò sì lu. Ó sanwó, ó ra ìbòjú mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń dán an wò lára ilẹ̀kùn fíríìjì àtijọ́ kan. Àkọ́kọ́, wáyà ká jọ nínú rẹ̀, ó tú u, ó dẹ róólà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń gé irin tuntun síbi tó jẹrà, ó ń tọ́ ọ mọ́ra ní ìwọ̀n ìka kan sí ìka kan.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, àwọn ọkùnrin mẹ́rin tún dúró. Màmá Léonie jókòó sórí àga. Adéògún ò bá wọn tì í. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n tì í. Táyà ké, àárín ò dún. Ó gbéra. Adéògún bẹ̀rẹ̀ sí í rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ kan tẹlẹ̀ nínú iyanrìn, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú ìrán irin náà, títí wọ́n fi dé igun kejì.

Màmá Léonie ní kó dìde, ọkọ̀ ti dé. Kò dìde. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún tì í padà díẹ̀, òun ò tíì rí apá kejì.

Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n tì í.