Ẹ̀wù Pupa, Ẹ̀wù Búlúù

Charity shop kan, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù, ní Rye Lane ní London níbí, ni mo ti ra àwòrán kan: àwọn ọmọ ogun òyìnbó ayé àtijọ́ lórí ẹṣin, àwọn kan wọ ẹ̀wù pupa, àwọn kan wọ búlúù, gbogbo wọn yọ idà síra wọn. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ torí pé àwọn ẹṣin yẹn wù mí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ò ju ìyẹn lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Old Kent Road wá ṣèpàdé àdúrà nílé mi. Bí ìyá ìjọ ṣe rí àwòrán náà, wọ́n figbe ta. "Ogun lo fọwọ́ ara ẹ gbé wọlé yìí o!" Wọ́n yọ òróró nínú báàgì, wọ́n ní ká gbàdúrà kí àwọn ọ̀tá já bọ́ lórí ẹṣin.

Ta wá ni ọ̀tá? Ìyá ìjọ ní àwọn ẹlẹ́wù pupa ni tiwa, torí ẹ̀jẹ̀ Jésù. Uncle tó ń darí kúáyà fárígá: búlúù ni aṣọ kúáyà, ṣé kúáyà ni wọ́n fẹ́ gbàdúrà lé lórí ni? Ìyá ìjọ ní kò burú, kúáyà náà nílò ìdáǹdè. Uncle gbé Bíbélì wọn, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, ó di ilé wọn. Wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ìrẹsì mi.

Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ya àwọn ẹlẹ́ṣin yẹn. Títí dòní, idà ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì kan ẹnì kejì. Àwa tá a wá gbàdúrà, a ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa.