Rédíò Àǹtí Fáníyì

Lọ́dún tí a wà ní kíláàsì karùn-ún ní Ìkẹ́rẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì tuntun, ó sì ṣì ń dùn mọ́ àwọn àgbà lẹ́nu láti máa pè é ní "ìpínlẹ̀ tiwa". Ìgbà náà ni Àǹtí Fáníyì, olùkọ́ wa, máa ń gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì wá láti ilé rẹ̀. Láàárọ̀, á kọ́kọ́ to àwọn bátìrì rẹ̀ sójú fèrèsé, kí oòrùn lè mú wọn sọjí díẹ̀.

Gbogbo wa kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ní kíláàsì rẹ̀. Àwọn tó mọ̀wé kà dáadáa á máa ka ìtàn fúnra wọn. Àwa tí a wà láàárín á máa dáhùn ìbéèrè tó kọ sójú pátákó. Àwọn tí kò tíì lè kàwé á jókòó yí rédíò ká lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú ìwé bí ohùn Àǹtí ṣe ń kà á nínú kásẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ojú ìwé bá parí, ẹ ó gbọ́ tí Àǹtí fi ṣíbí lu abọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, gbaun! Wọ́n á ṣí òmíràn.

Bámijókò, ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa, wà lábẹ́ igi yẹn. Ó ti tún kíláàsì náà ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bàbá rẹ̀ sì ti sọ pé bí kò bá bọ́ sí kíláàsì kẹfà lọ́dún yẹn, òun á mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Òde-Èkìtì, kó lọ kọ́ aṣọ rírán. Bámijókò kò fẹ́ lọ rárá.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, Ọ̀gá ilé ìwé fúnra wọn wá gbọ́ ìwé kíkà wa. Bámijókò dìde, ó kà á geere, àfi bí ẹni pé Àǹtí ló ń kà á. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ó dákẹ́.

"Kí lò ń dúró dè?" Ọ̀gá bi í.

Àlàbí pariwo láti ẹ̀yìn: "Ṣíbí ni, sà! Ó ń retí kí wọ́n lu abọ́!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sójú Bámijókò.

"Ìyáàfin Fáníyì," Ọ̀gá ní, "ṣé ìwé lẹ kọ́ ọmọ yìí ni, àbí orin?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣí ìparí ìwé fún un, n kò gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì."

Ọ̀gá ṣí ìtàn tó kẹ́yìn nínú ìwé náà. Bámijókò wò ó títí. Àǹtí di etí tábìlì mú. Nígbà tó yá, Bámijókò fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

"Ọdẹ... kan... wọ... inú... igbó."

Ó ṣì í kà, ó padà, ó tún un kà. Kò dùn bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Ọ̀gá pa ìwé dé. "O lọ́ra o, ìyá, ṣùgbọ́n o kà á. Kíláàsì kẹfà."

Bàbá rẹ̀ kò mẹ́nu ba Òde-Èkìtì mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Àǹtí lọ sí Òmùò-Èkìtì, rédíò náà sì bá a lọ. Ní girama tí a wà báyìí, ohun kan náà ni wọ́n ń kọ́ gbogbo wa pa pọ̀, ẹni tí kò bá yé á kàn máa wòran. Àárò Àǹtí máa ń sọ mí nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Bámijókò ń jókòó sí. Ó máa ń pẹ́ kó tó ka ojú ìwé kan tán, kì í sì í jẹ́ kí n bá òun kà á.