Irọ́ Tí Mo Tẹ̀ Sára Pósítà Òkú Àbúrò Mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí Ìbídàpọ̀, àbúrò mi obìnrin, kú sínú ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà. Èmi ni mo tẹ pósítà òkú rẹ̀, torí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ti ń ṣe ní Ṣómólú láti ọgbọ̀n ọdún. Abẹ́ fọ́tò rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé ó papòdà "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́." Irọ́ ni. Ọdún mọ́kànlá ni àìsàn náà fi bá a jà. Irọ́ yẹn kọ́ sì ni àkọ́kọ́. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni mo ti pa èyí tó burú jù. Òun ló pa á, tàbí kí n sọ pé òun ló bá àwọn tó pa á lọ́wọ́ sí i. Mi ò tíì mọ èwo nínú méjèèjì ni mo lè wí kí n sì rí oorun sùn.

Aṣọ ilé-ìwé ni Ìbídàpọ̀ ń rán ní Ladi-Lak. Bí ẹ bá tọ́mọ ní àdúgbò yẹn, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ ti kan kọ́là ọmọ yín rí. Ó ní àsìkò tí ara rẹ̀ á dìde, tí á máa gé aṣọ, tí á máa rán an, tí á máa kọ orin ìjọ Onítẹ̀bọmi tí àwa méjèèjì kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò ní fojú kan oorun fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́dún kan ó rán ogójì yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò ní kó rán fún. Mo bínú. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ń tẹ ìwé, èmi ń wọ àwọn tó máa kà á láṣọ. Èwo ló ń dùn yín níbẹ̀?"

Tó bá yá, á já bọ́ bí ẹni tí wọ́n gé okùn rẹ̀. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ á di ibi tí wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí lé. Á dojú kọ ògiri, Níní, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, á sì máa fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu.

Mo mọ àìsàn yẹn. Mo ti mọ̀ ọ́n kí dókítà kankan tó mọ̀ ọ́n, torí bàbá wa ní i, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin sì ní i. Káfíńtà ni bàbá wa. Lọ́dún kan ó tú òrùlé ilé ara rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi igi rẹ̀ kan àga fún gbogbo ìjọ. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í pe nǹkan yìí lórúkọ. "Orí ló ń fọ́ Bàbá" ni wọ́n kọ́ wa láti máa wí. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, àwọn dókítà ibẹ̀ sì fún un ní oògùn kan tí wọ́n ń pè ní lítíọ́mù. Ọdún mẹ́jọ ló fi lò ó, ọdún mẹ́jọ náà ló fi jẹ́ bàbá wa. Ó kan ilẹ̀kùn, ó kan bẹ́ẹ̀dì, ó darúgbó, ó sì kú sórí ibùsùn rẹ̀. Ọwọ́ mi ni káàdì ìwòsàn rẹ̀ wà. Orúkọ àìsàn náà wà lára rẹ̀, báípólà, èyí tó ń gbé ọkàn ènìyàn sókè tó sì tún ń já a bọ́, orúkọ oògùn náà sì wà níbẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù ni mo fi í sí, lábẹ́ àwọn káàdì ìgbéyàwó tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ han oníbàárà.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn ní ilé ìwòsàn ìjọba tí mo kọ́kọ́ mú Ìbídàpọ̀ lọ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Kò sí yàrá. Kò sí ilẹ̀kùn. Orí bẹ́ńṣì kan náà ni ẹni tó gbọmọ wá gba abẹ́rẹ́, ẹni tó fẹ́ yọ eyín àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dà rú jọ jókòó sí. Akọ̀wé kan ń jẹ ẹ̀pà lẹ́yìn wíńdò. Ó na fáìlì sókè, ó sì kígbe pé, "Ẹ̀yin tẹ mú aláìsàn ọpọlọ wá, ṣé wèrè wà ní ìdílé yín?"

Gbogbo bẹ́ńṣì yí ojú sí wa. Ìbídàpọ̀ fi gèlè bojú. Ìyá Serifat, aládùúgbò wa, sì jókòó sí ìlà kejì.

Oṣù yẹn gan-an ni ìdílé kan ń ṣe ìwádìí nípa wa, torí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ Tolúwalọpẹ́, àkọ́bí mi. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é. Kí wọ́n tó wá tọrọ ọmọ, wọ́n á rán ẹni tó máa wádìí wò: ṣé wọn kì í ya wèrè, ṣé wọn kì í dẹ́tẹ̀, ṣé wọn kì í jalè? Ìyá Serifat ni wọ́n rán. Mo wo ojú rẹ̀. Mo wo ojú akọ̀wé. Mo ní, "Kò sí o. Kò sí nínú ìran wa."

Ó kọ "kò sí" sílẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀.

Èmi ni mo purọ́, mi ò sá fún un. Àmọ́ ṣé irọ́ mi nìkan ló wà nínú fáìlì yẹn? Mo ti rí fáìlì náà báyìí, ọjọ́ tí mo lọ gba ìwé ikú rẹ̀. Ìkọ̀wé dókítà mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́rìnlá! Gbogbo wọn ló da "kò sí" kọ bí ọmọ ilé-ìwé tó ń jíwèé wò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó pa fáìlì dé, tó wo ojú mi, tó tún un bèèrè. Ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi igbe gbà lọ́jà ni ẹ fi ń tọ́jú ọpọlọ ènìyàn? Ó ń rí mi lára. Mo ti tẹ ìwé ìpolongo òṣèlú rí tí wọ́n yẹ̀ wò fínnífínní ju fáìlì yẹn lọ.

Nítorí "kò sí" yẹn, wọ́n pè é ní ìrẹ̀wẹ̀sì lásán. Oògùn tó ń gbé ẹni dìde ni wọ́n ń fún un, láìsí èyí tó máa dì í mú kó má fò kọjá àjà. Níkẹyìn wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kò pẹ́, ó fò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi sùn. Ní ọjọ́ Jímọ̀, èmi àti Níní gbé e padà lọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì ò sí, dókítà ọpọlọ ò sí, ká padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ìbídàpọ̀ ti yọ téèpù, ó ń wọn ejìká àwọn aláìsàn lórí bẹ́ńṣì, ó ní òun máa rán aṣọ fún gbogbo wọn. Nọ́ọ̀sì kan wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ gbé màdáàmù yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, sà."

Àìsàn kì í ka kàlẹ́ńdà. Ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí Níní wọlé lọ wẹ̀, Ìbídàpọ̀ di yunifọ́ọ̀mù mẹ́wàá sínú ọ̀rá, ó gbé e rù, ó sì rìn wọ inú ọ̀sà. Wonder, apẹja tó gbé òkú rẹ̀ jáde, sọ fún mi pé òun ké sí i títí. "Ó kàn ń juwọ́ sí mi ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ní àwọn ọmọ ilé-ìwé ń dúró de òun lódìkejì."

Ẹ̀yìn ìsìnkú ni mo padà lọ gba ìwé ikú rẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, Dókítà Ìtùnú, pè mí wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọdún mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Ó ya róbótó fún obìnrin àti igun mẹ́rin fún ọkùnrin sórí ìwé, ó ní ìdílé wa nìyẹn, kí n sọ ẹni tó ṣàìsàn nínú wọn. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ohun tó sọ yé mi. Ó ní kì í ṣe èpè. Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá, àti pé kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, nǹkan kéékèèké púpọ̀ ni, bí ẹ̀kán òjò tó ń kún agbada. Ó ní bí òbí kan bá ní i, nínú ọmọ mẹ́wàá ó lè mú bí ẹyọ kan, àwọn yòókù lè má rí i láyé wọn. Tí dókítà bá sì mọ̀ pé bàbá ní i, kò ní fún ọmọ ní oògùn tó ń gbé ẹni dìde nìkan. Tó bá mọ oògùn tó mú bàbá dúró, ó ti mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó di bírò mú, ó ń dúró kí n dárúkọ wọn. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó. Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin àbúrò rẹ̀ fẹ́ lọ rò ó.

Àwa náà ń rí mi lára. À ń ṣe ìwádìí ìdílé ká lè rí ẹni tá a máa sá fún. Ìgbà wo la ṣe é rí ká lè rí ẹni tá a máa wò sàn? Mo pe Tolúwalọpẹ́ lórí fóònù lónìí, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Dádì, ọmọ méjì ni mo ti bí fún wọn. Ta lẹ rò pé ẹ̀ ń gbà là?"

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn yẹn dáhùn. Ta ló fọwọ́ sí i pé ká máa bèèrè àìsàn ìdílé lójú ọjà? Èwo nínú dókítà mẹ́rìnlá yẹn ló máa dìde kó sọ ìdí tí kò fi tún un bèèrè? Ta ló lé aláìsàn tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án padà sílé? Ẹ sì fi ilẹ̀kùn sí yàrá yẹn. Ọmọ káfíńtà ni mí. Mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan kò le kàn.

Láti ìjẹta, Níní ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀. Ó ń rán àwọn yunifọ́ọ̀mù tó kù, kò sì tíì sùn. Ó lè jẹ́ ọ̀fọ̀ lásán. Ó lè jẹ́ òun ni ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Mi ò mọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Lọ́la, ní aago méje àárọ̀, èmi àti Níní máa jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn. Káàdì bàbá mi á wà lọ́wọ́ mi. Bí akọ̀wé bá kígbe bèèrè, mo máa dìde dúró, mo máa dáhùn sókè ju bó ṣe bèèrè lọ: bàbá mi ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, àbúrò mi Ìbídàpọ̀ ni. Tí a bá kúrò níbẹ̀, mo máa kọjá sí ṣọ́ọ̀bù, mo máa tẹ pósítà rẹ̀ tuntun.