Àpò Ìbọn Ọlọ́wọ́ Òsì

Bí ṣíbí bá já bọ́ nínú ilé wa, ọkọ mi á dìde. Ì báà jẹ́ oúnjẹ ló ń jẹ lọ́wọ́, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á bẹ̀rẹ̀, á máa wo ilẹ̀. Tí mo bá ní, "Bàbá, ṣíbí ni o," á ní òun mọ̀. Síbẹ̀ kò ní jókòó títí tí yóò fi rí i, tí yóò sì gbé e lé orí tábìlì. Nígbà kan mo kó gbogbo ṣíbí irin kúrò nílé, mo ra onírọ́bà. Ó ní irú obìnrin wo ló ń fi rọ́bà ro ọbẹ̀. Inú bí mi, mo kó tirin padà.

Oníṣẹ́ awọ ni ọkọ mi. Ó ń rán bẹ́líìtì, ó ń rán báàgì, ó ń rán okùn ajá, àmọ́ àpò ìbọn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìfowópamọ́ àti àwọn tó ń tẹ̀ lé olówó kiri, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń rán àpò tí wọ́n fi ń gbé ìbọn ìléwọ́ kọ́ ìbàdí. Páálí tó fi ń wọn iṣẹ́ kún ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó tún ní òkú ìbọn kan, irin tí kò lè yìn mọ́. Awọ tútù ló máa ń fi bò ó, á sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí awọ náà á fi gba ìrísí ìbọn. Mo fẹ́ràn láti máa wò ó nígbà tó bá ń ṣe èyí. Ẹ ò lè bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń tutù.

Ẹ̀ṣọ́ ilé ìfowópamọ́ kan ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, n kò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ, ni mo bá sọ ọ́ ní Akíkanjú. Kì í jẹ ọbẹ̀ mi kó má bèèrè pé, "Ìyàwó wa, ṣé iyọ̀ ti wọ́n ni?" Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun rán àpò ìbọn tí òun á máa gbé kọ́ ìbàdí òsì. Ọkọ mi ò tíì rán irú rẹ̀ rí. Ó mú páálí ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ó yí i dà, ó gé awọ. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Àmọ́ bí àpò bá yí dà, ìbọn kì í yí dà. Ọta inú ìbọn ìléwọ́ ní ilé tirẹ̀, àpótí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ ìdí rẹ̀. Bọ́tìnnì kékeré kan ló di ilé ọta yìí mú. Bí nǹkan bá tẹ bọ́tìnnì, ilé ọta á já bọ́. Ẹ̀gbẹ́ òsì ìbọn ni bọ́tìnnì náà wà. Tí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá gbé e kọ́, ara rẹ̀ ni bọ́tìnnì á kọjú sí. Tí ọlọ́wọ́ òsì bá gbé e kọ́, ìta ló máa kọjú sí, sí apá àga, sí férémù ilẹ̀kùn, sí gbogbo ayé.

Lọ́jọ́ tí olè wọ ilé ìfowópamọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ni Akíkanjú wà. Ó sáré gba ilẹ̀kùn irin tóóró kan bọ́ síwájú. Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, ọta kan ṣoṣo tó ti wà lẹ́nu ìbọn tẹ́lẹ̀. Ó tún fà á, kò dún. Wọ́n pa á síbẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ rọ̀ ni agbálẹ̀ rí ilé ọta rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn irin yẹn, ọta inú rẹ̀ pé, kò dín ẹyọ kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n gbé àpò náà wá fún ọkọ mi. Ó gbé e sórí tábìlì iṣẹ́, ó ki òkú ìbọn bọ̀ ọ́. Ọ̀dà ilẹ̀kùn irin yẹn ti ha sára awọ, níbi tí bọ́tìnnì wà gẹ́lẹ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀. Ilé ọta òkú ìbọn náà já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Ó gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin. Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ó ti gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́.

Láti ìgbà náà ni àbúrò rẹ̀ ti ń wá. Èmi ò rí i o. Ó ní ọ̀sán gangan ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù, tí òun bá ti tẹrí ba mọ́ abẹ́rẹ́. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tó ń fi ọwọ́ bo ìbàdí òsì rẹ̀ kó má baà kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo pariwo mọ́ ọn, mo ní kó lọ sinmi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù bà mí. Títí dòní, n kì í wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn láì kọ́kọ́ wúkọ́.

Akíkanjú fi ìyàwó sílẹ̀, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Adúmáadán ni mò ń pe ọmọ náà. Ọmọ ọ̀hún dàgbà, ó wáṣẹ́ títí, lọ́jọ́ kan ló yọ sí wa pẹ̀lú aṣọ ẹ̀ṣọ́ lọ́rùn.

"Bàbá àgbà, ẹ bá mi rán àpò ìbọn."

Ọkọ mi gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ṣé iṣẹ́ mìíràn ò sí láyé ni?"

"Ó wà. Wọn ò gbà mí."

"Ọwọ́ wo lo fi ń mú un?"

"Ọwọ́ òsì. Ọmọ ta ni mí ná?"

Àpò tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ ló mú wá hàn wá, aṣọ rádaràda kan tí wọ́n rán fún ọ̀tún àti òsì. Kò sí nǹkan tó bo ibi tí bọ́tìnnì máa wà. Síta báyìí ni yóò yọ bí ìdodo ọmọ ọwọ́.

Ọkọ mi dáná sun páálí àtijọ́ tó yí dà fún àbúrò rẹ̀, ó ya tuntun. Ó fi awọ méjì lé ara wọn, ó gbẹ́ ihò síbi tí bọ́tìnnì wà kí awọ má baà fara kàn án, ó wá mọ etí awọ sókè yí ihò náà ká bí ọgbà, kó lè jẹ́ pé ọgbà yẹn ni ohunkóhun á kọ́kọ́ kọlù. Ó dára. Èmi tí n kò mọ̀ nípa ìbọn, mo mọ̀ pé ó dára.

Ìgbà tó parí ni wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dípò kó ránṣẹ́ pe ọmọ, ìbàdí ara rẹ̀ ló gbé e kọ́ pẹ̀lú òkú ìbọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbàdí gbá ilé kiri. Ó gbá ilẹ̀kùn, ó gbá kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbá àga. Aládùúgbò kan bi mí bóyá nǹkan ń ta á ní ìbàdí, mo ní ijó tuntun ló ń kọ́. Ilé ọta ò já bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, ó tú u, ó tún un rán, ó tún gbé e kọ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Adúmáadán á pe, ọkọ mi á ní, "Ó kù díẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Mo bínú sí i gan-an, torí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn, àpò aṣọ ló wà ní ìbàdí ọmọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ náà já wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò kí wa.

"Ó já bọ́ lónìí," ó wí. "Mo dìde lórí àga, apá àga tẹ̀ ẹ́. Mi ò tiẹ̀ gbọ́. Oníbàárà kan ló he ilé ọta nílẹ̀, ó ní, 'Àǹtí, nǹkan yín rèé.' Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀ yìí."

Ọkọ mi di etí tábìlì mú. Àpò tuntun wà ní ìbàdí rẹ̀ bó ti ṣe ń sọ̀rọ̀. "Fún mi ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Etí awọ yẹn, mo fẹ́..."

"Bàbá àgbà, ẹ bọ́ ọ fún mi."

"O ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ọmọ mi. O ò mọ̀ pé..."

"Mo mọ̀. Màmá mi ti rí ọ̀dà ilẹ̀kùn yẹn lára àpò bàbá mi. Àwọn ni wọ́n ní kí wọ́n gbé e wá fún yín. Wọ́n ní ẹ máa rí i fúnra yín."

Gbogbo ọdún tí a fi rò pé à ń fi nǹkan pamọ́ fún opó yẹn, ó ti mọ̀ ṣáájú wa. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ọmọ náà.

"Kí ló dé tí wọn ò bá mi jà?" Ọkọ mi ló bèèrè.

"Wọ́n bá yín jà. Nínú ilé wa, lójoojúmọ́. Ẹ ò sí níbẹ̀ ni."

"Wọ́n wá ní kó o wá rán an lọ́dọ̀ mi?"

"Wọ́n ní àwọn tó ń rán awọ pọ̀ nígboro, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ohun tó pa bàbá mi."

Ọkọ mi fọwọ́ kan bẹ́líìtì, kò tú u. Adúmáadán kúnlẹ̀, ó tú u. Ó yọ òkú ìbọn, ó gbé e sórí tábìlì, ó gbé àpò kọ́ ìbàdí ara rẹ̀. Ó ní òun ní iṣẹ́ àárọ̀ lọ́la. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin láti fi pa wá lẹ́rìn-ín, a ò lè rẹ́rìn-ín, ó bá lọ.

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó pe àbúrò rẹ̀ ní orúkọ tí ìyá wọn ń pè é, ó sì sunkún. Mo jókòó tì í.

"Ìyàwó àbúrò mi bá mi jà lójoojúmọ́," ó wí nígbà tó yá.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó yẹ kí n lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Mo dìde, mo lọ bá a wá bàtà rẹ̀.