Ìlú Tó Ń Sùn Lọ́sàn-án

Iṣẹ́ méjì ni mo ń ṣe nígbà yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, màá ti wọ bọ́ọ̀sì kúrò ní Thamesmead, ní London, lọ nu ọ́fíìsì. Tó bá di ọ̀sán, màá kọjá sí iṣẹ́ kejì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Plumstead, títí ẹsẹ̀ mi á fi wú. Ó rẹ̀ mí débi pé mo máa ń sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní mo wà nínú ẹ̀mí.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ń tọ́jú ìyá arúgbó kan ní Ferrara, ìlú àtijọ́ kan ní Ítálì tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí lọ́dọ̀ wa ní Woolwich. Mo lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Bíríkì pupa ni odi tó yí ìlú náà ká, igi hù sórí odi, àwọn ìyá àgbà ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá nísàlẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì nínú apẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á lọ sùn. Gbogbo ìlú! Èmi tí mi ò fojú kan oorun ọ̀sán láti ìgbà tí mo ti dé London, mo jókòó sórí odi yẹn, omi bọ́ lójú mi. Mo pinnu pé ibẹ̀ ni màá wá máa gbé.

Mi ò sọ fún un. Ẹni tó fẹ́ tọrọ ilé gbé kì í tọrọ rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Mo ní kó wá kí mi ná.

Ó dé lọ́dún kejì. Lọ́jọ́ Sátidé, a jọ lọ ra iṣu ní ọjà Woolwich. Bó ṣe ń yan iṣu, ìyá kan tí a ò mọ̀ rí dúró tì í, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìwọ ọmọ yìí, o tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, o ò tiẹ̀ say sorry! Ṣé bí wọ́n ṣe train ẹ nílé nìyẹn?"

Mo ti ń múra ìjà. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, tòun ti kóòtù tuntun. "Ẹ má bínú, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́, ma." Ìyá náà rọ̀, ó ṣàdúrà fún un, ó bá tirẹ̀ lọ. Àbúrò mi ò dìde. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Auntie mi, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti bá mi wí gbẹ̀yìn."

Mo fà á dìde. Mo ní ṣé orí ẹ̀ pé báyìí? Nínú bọ́ọ̀sì ló ti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àwọn aládùúgbò máa ń kí òun dáadáa, wọ́n á sì wọlé lọ. Tí wọ́n bá ti fèrèsé tán lọ́sàn-án, òun a máa sọ Yorùbá sí ìkòkò ọbẹ̀.

Inú bí mi. "Ìsinmi nìyẹn! O ò mọ ohun tó o ní."

"Ẹ̀yin lẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ní." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ma, ẹ jẹ́ n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Sitting room náà tó mi. Mi ò fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá ló gbà mọ́ mi lẹ́nu. Mo wo ojú rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo oorun ọ̀sán yẹn, síbẹ̀ ó rẹ̀ ẹ́ jù mí lọ.

Mo ní kó máa bọ̀. Mi ò sọ fún un pé Ferrara ni èmi ti fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ibì kan ṣoṣo tí mo lè sá lọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tì yẹn.