Orin Tí Oyèyẹmí Kó Sínú Fúláàṣì

Oyèyẹmí kì í ṣe ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Bọ́ọ̀sì ló ń wà ní Barking, ní London, ọdún ti gorí ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ohun tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kò ju kó tàn án, kó tẹ ohun tó fẹ́ gbọ́, kó sì pa á. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ Aládùúrà kékeré tó ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Heathway, òun ni ọ̀gá akọrin, torí orin ló sì ṣe ra láptọ́ọ̀pù.

Àwọn ìyá méjì kan wà nínú ìjọ náà, Màmá Àmọ̀kẹ́ àti Màmá Ọmọ́bọ́láńlé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni àwọn méjèèjì, àtìgbà tí wọ́n ṣì ń to mọ́tò ní Dagenham ni wọ́n sì ti dé ìlú yìí. Ẹ̀mí a máa gbé wọn. Bó bá ti gbé wọn, orin ni wọ́n máa ń gbé bọ̀, orin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí. Bí ọ̀kan bá dá a, èkejì á ti máa gbè é, bẹ́ẹ̀ wọn ò fi kọ́ra. Kò sí èyíkéyìí nínú ìwé orin. Oyèyẹmí wá ń gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá wọn ní pálọ̀ Màmá Àmọ̀kẹ́, Sátidé lẹ́yìn Sátidé, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n á kọrin, wọ́n á bú ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Màmá Àmọ̀kẹ́ kú, tí àrùn rọpárọsẹ̀ sì gbé èkejì rẹ̀ dé ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní Dagenham East, inú láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan ni orin náà kù sí.

Láptọ́ọ̀pù náà wá di arúgbó. Béèyàn bá tàn án, á se ẹ̀kọ jinná kó tó jí. Windows inú rẹ̀ ti di èyí tí wọn ò tọ́jú mọ́, tuntun tó jáde sì ní òun ò lè wọ ẹ̀rọ tó ti gbó báyẹn. Ojoojúmọ́ ni ìkìlọ̀ ń yọ lójú rẹ̀. Ẹ̀rù wá ń ba Oyèyẹmí pé ẹ̀rọ yìí á kú lọ́jọ́ kan, orin á sì bá a lọ. Ìbẹ̀rù yẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Aaron, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì.

"Má jù ú nù," Aaron sọ fún un ní yàrá ìsinmi, bó ṣe ń bu ṣúgà sí tíì. "Linux ni kó o fi sí i dípò Windows. Ọ̀fẹ́ ni. Tèmi dàgbà ju tìẹ lọ, ó sì ń sáré. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó bá jọ ẹ́ lójú sínú fúláàṣì o. Ohun tó bá wà nínú ẹ̀rọ máa lọ ni."

"Fúláàṣì. Mo ti gbọ́," ni Oyèyẹmí wí, ó sì gbọ́ lóòótọ́.

Aaron kọ bí yóò ṣe ṣe é ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí Adékẹ́mi ìyàwó rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, Oyèyẹmí gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì ìjẹun, ó ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, ó sì kó orin náà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí ọ̀kan nínú fúláàṣì wò. Ohùn Màmá Àmọ̀kẹ́ jáde ketekete: "Ṣé ó ti ń gbà á? Ṣé mo lè húkọ́?" Oyèyẹmí rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ohun tó kàn ni pé kó wa Linux wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó kọ ọ́ sínú fúláàṣì, kó lè tibẹ̀ wọnú ẹ̀rọ. Fúláàṣì kan ṣoṣo ló ní. Lójú tirẹ̀, fúláàṣì dà bí àpótí: aṣọ wà nínú rẹ̀, àyè ṣì kù, èèyàn á ki òmíràn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú ẹ̀rọ pé gbogbo ohun tó wà nínú fúláàṣì yìí ni yóò parẹ́, ṣé ó dá a lójú? Àtàárọ̀ ni ẹ̀rọ ti ń bi í ní ìbéèrè, "bẹ́ẹ̀ ni" ló sì ti ń fi dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

Nígbà tó tún ẹ̀rọ tàn, ojú tí kò rí rí ló rí. Ó bi í léèrè èdè tó ń sọ, ó bi í léèrè ibi tó ń gbé, Oyèyẹmí mú London. Ó wá bi í bóyá kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́, kí òun fi Linux síbẹ̀. Níbí yìí, Oyèyẹmí dúró. Kò ṣe wàdùwàdù. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún ọ̀rọ̀ Aaron kà, ó wo fúláàṣì tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. "Wọ́n wà níbẹ̀," ó sọ fún ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe pé ìyókù rọrùn. Wáífáì kọ̀ jálẹ̀. Àfi kó fa wáyà láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn wá sórí tábìlì kó tó rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Aaron ní kó ṣí fèrèsé dúdú kan lójú ẹ̀rọ, kó tẹ ọ̀rọ̀ báyìí báyìí sí i; ó tẹ̀ ẹ́, fèrèsé ní ohun tó ń sọ kò yé òun. Àlàfo kékeré kan ló gbàgbé. Ó tún un tẹ̀. Wọ́n ní kó fi páswọ́ọ̀dù sí i, ó ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kankan ò jáde, ó rò pé òun ti ba ẹ̀rọ jẹ́, àfìgbà tí Aaron fèsì pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn, kó ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tí wáífáì wọlé, Oyèyẹmí fò dìde, òun nìkan, ó pàtẹ́wọ́. Ó tún rí i pé òun lè fi ẹ̀rọ náà kọ Yorùbá, tàmì ohùn tàmì abẹ́ lẹ́tà. Ó kọ orúkọ Màmá Ọmọ́bọ́láńlé, kò sí àmì kankan tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀rọ náà fúyẹ́, ó mọ́, ó ń sáré.

Ó wá ní kí òun kó orin padà sáyè rẹ̀. Ó ṣí fúláàṣì. Ohun tó ní orúkọ tí kò yé e ló kún ibẹ̀. Ó wá orin títí, kò rí. Ó yọ fúláàṣì, ó nù ún lára ṣẹ́ẹ̀tì, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó ki ọwọ́ bọ àpò sòkòtò bóyá òmíràn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ dájú pé òun ò ní òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yé e, bí omi tútù ṣe ń wọ bàtà. Fúláàṣì kì í ṣe àpótí. Wọ́n ti da aṣọ inú rẹ̀ nù kí wọ́n tó di tuntun sí i, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n dà á.

Orí àga yẹn náà ni Adékẹ́mi bá a nígbà tó dé.

"Bàbá Ìrètí, kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Mo ti pa wọ́n rẹ́."

"Àwọn wo?"

"Orin àwọn màmá."

Adékẹ́mi ò tíì bọ́ kóòtù. "Ẹ ò ní copy ni? Phone yín ńkọ́?"

"Fúláàṣì ni copy."

"Àwọn ará church ńkọ́? Ẹ ò send ẹ̀ sí ẹnì kankan rárá?"

Kò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti bẹ̀ ẹ́, tó ń ní kí wọ́n ní sùúrù, kí òun kọ́kọ́ yọ ikọ́ àti ariwo ọ̀nà kúrò níbẹ̀, kó lè dùn létí. Adékẹ́mi jókòó tì í, ó fọwọ́ sí i léjìká. "Ọlọ́run á ṣe é," ó wí. Oyèyẹmí ò lè ṣe àmín.

Lọ́jọ́ Ajé, Aaron fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá sílé wọn. Nígbà tó gbọ́ bó ṣe jẹ́, ó dijú. "Fúláàṣì kan náà? Ẹ̀bi mi ni. Mi ò sọ pé kó jẹ́ méjì." Ó fi irinṣẹ́ kan sínú ẹ̀rọ, pé ó lè hú ohun tó ti parẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé orí wọn ni Linux ti jókòó lé. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó. Ohun tó jáde kò lórúkọ, kò lórí, kò nídìí. Wọ́n ń ṣí wọn gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan; ọ̀pọ̀ ń ta ṣàà bí epo gbígbóná. Lójijì ni ohùn ọkùnrin kan dún kedere: "Ẹ jọ̀ọ́, màámi, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ o." Ó já síbẹ̀.

Aaron, tí kò gbọ́ Yorùbá, di apá rẹ̀ mú. "Ọ̀kan nìyẹn! Ṣé òun nìyẹn?"

"Rárá," Oyèyẹmí dáhùn. "Èmi nìyẹn."

Kò sí òmíràn tó ṣeé gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ti jáde ìsìn, ó lọ bá Màmá Ọmọ́bọ́láńlé ní ilé ìtọ́jú, sùtánà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá àga tí wọ́n gbé ìyá náà jókòó sí lójú fèrèsé.

"Ẹ dárí jì mí, màámi. Orin yín ti sọnù sí mi lọ́wọ́."

Ìyá náà wò ó. Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé ẹnu rẹ̀. "Orin wo?"

"Èyí tí ẹ̀yin àti Màmá Àmọ̀kẹ́ jọ kọ fún mi."

"Àmọ̀kẹ́ dà?"

"Wọ́n ti sùn, mà."

Ìyá náà mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé òjò ti dá. Oyèyẹmí fa àga sún mọ́ ọn. Ó rò ó pé, bí òun bá dá a, bóyá ẹnu ìyá á gbè é fúnra rẹ̀, bó ti máa ń ṣe. Ó kọ ìlà kìíní. Ó kọ ìkejì. Nígbà tó dé ìkẹta, ọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún dé ibẹ̀, ó tún dúró. Màmá Ọmọ́bọ́láńlé tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń dúró dè é kó máa bá a lọ.

"Orin yẹn dùn," ìyá náà wí nígbà tó pẹ́. "Ta ló ni ín?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, mà."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìlàjì ẹnu tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. "Ìwọ yìí! Ò ń pọ́n mi lé. Èmi ò gbọ́ ọ rí."

Obìnrin tó ń tọ́jú wọn gbé tíì wọlé. Oyèyẹmí bá ìyá náà di ife mú lẹ́nu títí ó fi mu ún tán, ó fi áńkáṣíìfù nu àgbọ̀n rẹ̀, ó sì dìde. Ní ibùdókọ̀, ó tún gbìyànjú ìlà kẹta. Kò wá. Bọ́ọ̀sì dé, ó wọlé, ó kọjá lára awakọ̀ tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì kan náà, kò sì kí i.